Ọjọ́ Tí A Bọ́ Bàtà Nítorí Òkúta Tẹsalóníkà

Ọdún tí ọkọ̀ òfuurufú ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń fò dáadáa lẹ́yìn àrùn kòrónà, tí a ṣì ń bo imú kí wọ́n tó gbà wá wọ ilé ìfowópamọ́, ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté wa rán àwa méjì lọ sí orílẹ̀-èdè Gíríìsì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òkokomáíkò, Ìbà àti Ọ̀jọ́ ni mo ń kọ èyí fún, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kí mi ní "Kọ́múrẹ́ẹ̀dì!" ní Ìyànà Ìbà, tí ẹ sì máa ń bi mí pé nínú gbogbo ìjà tí mo jà, èwo ni mi ò lè gbàgbé. Ẹ máa ń rò pé n óò sọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì Àpápá, nígbà tí a ti géètì èbúté pa tí àwọn ọ̀gá ń bẹ̀ wá lórí ìdúró. Rárá o. Ìjà tí mo ń rántí jù kì í ṣe tèmi rárá. Ìlú onílùú ni wọ́n ti jà á, èdè tí mi ò gbọ́ ni wọ́n fi jà á, òkúta ni wọ́n sì ń jà lé lórí.

Ìlú náà ni Tẹsalóníkà. Bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an. Láti kékeré mi ní Ìlaròó ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu oníwàásù, mo sì ti gbà pé ó ti pa rẹ́ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ọ̀gá ẹgbẹ́ wa pè mí tó ní Tẹsalóníkà ni mò ń lọ, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú ní kí n kọjá sí Sódómù." Ó ní kí n yé ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọ́n ní èbúté, wọ́n ní kíréènì, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí orí rẹ̀ le ju tiwa lọ.

Ẹni tí a jọ lọ ni Fúnkẹ́, akọ̀wé àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tó ń gbé ní Ọ̀jọ́. Fúnkẹ́ kàwé, ó ń ṣọ́ra, kò sì fẹ́ràn wàhálà. Èmi fẹ́ràn wàhálà. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so wá pọ̀.

Yánísì ló wá pàdé wa. Arúgbó agbẹ́rù èbúté ni, ó ti fẹ̀yìn tì, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Gẹ̀ẹ́sì èbúté tí èèyàn ń kọ́ lẹ́nu àwọn atukọ̀ ló ń sọ, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tèmi. Bó ṣe bọ̀ mí lọ́wọ́ báyìí ni mo mọ̀ pé ó ti gbé àpò rí, nítorí àtẹ́lẹwọ́ agbẹ́rù kì í rọ̀ mọ́ láéláé. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì àwa méjèèjì bá ti há, Fúnkẹ́ ló ń là wá.

Nígbà tí ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté tí a bá lọ parí, Yánísì ní òun ò ní jẹ́ kí a padà sílé láìrí ìlú òun. Mo rò pé ó fẹ́ mú wa lọ sí ọjà ni. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ohun àtijọ́ rí. Mo ti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Àgbádárìgì, mo sì ti rí ṣẹ́ẹ̀nì tí wọ́n fi de àwọn ẹrú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ju mí lọ.

Ilé ìṣọ́ funfun kan wà létí òkun, ó rí roboto, ó sì ga. Yánísì ní ẹ̀wọ̀n ni láyé tí àwọn Tọ́ọ̀kì ń ṣàkóso, pé ilé ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń pè é kí wọ́n tó kùn ún ní funfun. Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ yí i ká. A gun òkè, a rí odi ìlú tó ṣì dúró gbọin, àwọn èèyàn kọ́ ilé tì í, wọ́n ń sá aṣọ síbẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀, a dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ńlá tí ọba Róòmù kan kọ́ láti fi yangàn nítorí ogun tó ṣẹ́, wọ́n gbẹ́ ọmọ ogun àti ẹṣin sí i lára láti òkè dé ilẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dúró de ọ̀rẹ́ wọn. Wọn ò tilẹ̀ wò ó. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Pàdé mi lábẹ́ ibẹ̀ yẹn," bí ẹ̀yin náà ṣe ń sọ pé, "Pàdé mi ní ibùdókọ̀ Vọ́ọ̀sì."

Lẹ́yìn náà ló mú wa wọ ilé rìbìtì kan. Ògiri rẹ̀ nípọn ju yàrá mi ní Òkokomáíkò lọ. Ó ní ilé òrìṣà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, ó di ṣọ́ọ̀ṣì, ó di mọ́ṣáláṣí, ó tún padà di ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìpèrun rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níta. Mo gbójú sókè. Òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi ya àwọn èèyàn mímọ́ sí àjà, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ojú wọn ń wò mí. Ara mi bù mááṣù. Ọkùnrin bí èmi, tí ọlọ́pàá ti fi tajútajú lé kiri Àpápá tí mi ò sunkún, omi bọ́ lójú mi.

Fúnkẹ́ fọwọ́ tọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ẹnu dé. Eṣinṣin á kó sí i."

"Nínú òtútù yìí? Eṣinṣin wo ló fẹ́ kú?"

"Ẹ ṣáà pa á dé. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Èbúté ni a parí ìrìn sí. Yánísì na ọwọ́ sí àwọn ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tó wà létí omi. Ó ní nígbà kan, èbúté yẹn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ̀ yòówù kó dé, yóò dúró ni. Mo ní kí ló fà á. Ó ní Júù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbẹ́rù èbúté, Sátidé sì ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Mo pariwo. Agbẹ́rù ló ń sọ ọjọ́ tí èbúté máa sinmi? Àwa tí a jà bí ẹ̀mí ẹ̀mí kí wọ́n tó fún wa láyè láti jẹun ọ̀sán! Mo ní, "Níbo ni wọ́n wà? Mú mi lọ bá wọn, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

Yánísì ní nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ogun Jámánì kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin, tọmọdé tàgbà, wọ́n kó wọn lọ pa. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló padà wá. Fúnkẹ́ ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo bọ́ fìlà.

Ibẹ̀ ni Yánísì ti wá tú ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Ó ní ìjọba ń wa ihò lábẹ́ ìgboro fún ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n wà á, wọ́n wà á, wọ́n bá ojú ọ̀nà àtijọ́ nísàlẹ̀, òkúta mábù ni wọ́n fi tẹ́ ẹ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ìsọ̀ àwọn oníṣòwò wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìgboro òde òní wà lórí, ìgboro àwọn baba ńlá wà lábẹ́, wọ́n gba ojú kan náà. Àwọn aláṣẹ ní àwọn yóò tú òkúta náà, àwọn yóò kó o pamọ́, àwọn yóò kọ́ ibùdókọ̀, àwọn yóò sì wá tò ó padà. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ní rárá, kí wọ́n wá ọgbọ́n mìíràn dá, kí òkúta má kúrò níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Fúnkẹ́ ní, "Ṣùgbọ́n sà, bí wọ́n bá máa dá a padà, kí ló wá burú níbẹ̀?"

Yánísì wò ó. "Ọmọ mi, ẹrù ni mo gbé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí a bá ti gbé kúrò nílẹ̀, ó ti di ẹrù. Ẹrù kì í sì í ní ìlú."

Lẹ́yìn náà ló sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré ni bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wọn kúrò ní òdìkejì òkun, wọ́n wá sí Tẹsalóníkà láìmú nǹkan kan dání. Wọn ò ní ilé bàbá níbẹ̀, wọn ò ní ibojì ìyá níbẹ̀. Ó ní, "Kò sí ohun àjogúnbá kankan tó jẹ́ tèmi ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà, ẹni tó bá ń tọ̀ ọ́ ló ni ín." Èmi tí mo wá láti Ìlaròó, tí mo ti di onílé ní Òkokomáíkò, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, àwọn èèyàn fẹ́ kóra jọ sẹ́nu géètì ibi iṣẹ́ náà, nítorí wọ́n gbọ́ pé ọkọ̀ akóhun-èlò ń bọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ títú òkúta. Ó ní bí a bá fẹ́ rí ọ̀nà náà, kí a wá kó tó di pé kò sí mọ́.

Nísinsìnyí, ohun kan wà tí ẹ ní láti mọ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni mo ń lọ. Bí a bá ti wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà mọ́, ibi yòówù kí a gbà, ibi yòówù kí a dé. Mi ò rí párìṣì wa kankan ní ìlú yẹn, mo sì ti pinnu pé n kò ní jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú bá mi ní Tẹsalóníkà kí n má gbàdúrà níbẹ̀ nínú aṣọ ìjọsìn mi. Ìlú tí àpọ́sítélì kọ lẹ́tà sí! Ta ló máa débẹ̀ tí kò ní kúnlẹ̀? Láàárọ̀, mo jáde ní yàrá nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Fúnkẹ́ rí mi, ó fọwọ́ lérí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Òtútù máa pa yín."

"Òtútù kì í pa ẹni tó ń gbàdúrà."

"Ó dáa. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi o. Àlejò ni wá. Ọ̀gá ní a ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú wọn. Bí wọ́n bá fagi lé físà wa, orúkọ ẹgbẹ́ ló máa bàjẹ́."

Mo ní kò sí ìṣèlú kankan, pé àdúrà ni mo fẹ́ lọ gbà, kí a tó máa bá tiwa lọ. Ọlọ́run rí ọkàn mi, òótọ́ ni mo sọ.

A bá ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu géètì: àwọn ìyá arúgbó tó gbé ọ̀pá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté méjì tí mo ti rí ní ìpàdé. Àwọn awalẹ̀ tó ń ṣàwárí ohun àtijọ́ níbẹ̀ ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wọlé ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba láti wo ọ̀nà náà fún ìgbà ìkẹyìn. Nígbà tó kàn wá, ẹ̀ṣọ́ wo ẹsẹ̀ mi, ó ní kò ṣeé ṣe, pé bàtà líle ni kí gbogbo èèyàn wọ̀. Mo ní mi ò lè wọ bàtà. Ó ní òfin ni. Mo ní òfin ni tèmi náà. Ọ̀dọ́bìnrin kan nínú àwọn awalẹ̀ ló là wá níjà. Ó wo sùtánà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé kó jẹ́ kí n kọjá, pé ẹsẹ̀ lásán ò lè ba òkúta jẹ́, bàtà ló ń bà á jẹ́.

A sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pákó. Ẹ̀yin ọmọ, báwo ni n óò ṣe sọ ọ́? Ìró mọ́tò ìgboro wà lókè orí wa. Nísàlẹ̀, ọ̀nà náà tẹ́ lọ gbọọrọ, ó funfun, ó ń dán nítorí ìrì, ó dà bí ẹni pé àwọn tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé láti lọ jẹun ni. Ojú ìsọ̀ wà níbẹ̀, gọ́tà omi wà níbẹ̀. Lórí òkúta náà, ojú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ti jin kòtò tín-ínrín méjì sí i, tó ń bá gígùn ọ̀nà náà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìka mi tọ kòtò náà. Òkúta ni o! Ẹrù mélòó ni wọ́n kó kọjá kí ó tó jin bẹ́ẹ̀? Àwọn wo ló ti kẹ̀kẹ́ náà, ta ló ń bínú sí ọ̀gá rẹ̀, ta ni ẹ̀yìn ń dùn? Àyà mi kún. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo bú sí àdúrà ní Yorùbá, ohùn mi ń dún padà lára ògiri ihò náà. Mo ké Halelúyà nígbà mẹ́ta.

Nígbà tí mo dìde, mo sọ fún ọ̀dọ́bìnrin awalẹ̀ náà pé mo dúpẹ́ pé mo tẹ ibi tí àpọ́sítélì tẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, kì í ṣe òkúta yìí. Nígbà tí wọ́n tẹ́ èyí, àpọ́sítélì ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún."

Ojú tì mí díẹ̀. Mo yíjú padà láti wá Fúnkẹ́, ìgbà yẹn ni mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Àwọn ìyá arúgbó tó tẹ̀ lé wa ti rí ọkùnrin dúdú tó wọ aṣọ funfun, tí kò wọ bàtà, tó kúnlẹ̀ lórí ọ̀nà wọn. Wọ́n rò pé ìwọ́de tuntun nìyẹn. Wọ́n ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń bọ́ bàtà, ọ̀kan ń ran èkejì lọ́wọ́ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀. Yánísì náà bọ́ tirẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má ka ti àpọ́sítélì sí. Ẹrù àwọn agbẹ́rù ló jin kòtò sí òkúta yẹn. Àwọn èèyàn wa ni."

Kí a tó padà dé òkè, ìròyìn ti ṣáájú wa. Gbogbo ẹnu géètì ló ti bọ́ bàtà. Wọ́n to bàtà sí ìdí ògiri lọ bẹẹrẹ, wọ́n sì jókòó sójú títì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, àtolówó àti tálákà. Ọkọ̀ akóhun-èlò dé, ó fun fèrè, kò sẹ́ni tó mira. Ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá wọn béèrè ẹni tó ṣètò rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ nà sí mi!

Fúnkẹ́ ní, "Yéè. Ó ti tán."

Ọ̀gá ọlọ́pàá dúró tì mí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí. "Ẹgbẹ́ wo lẹ ń ṣojú fún?"

"Ìjọ aláṣọ funfun, párìṣì Òkokomáíkò."

Ó wo Fúnkẹ́, Fúnkẹ́ ń wolẹ̀. "Kí lẹ ń béèrè fún?"

"Ọ̀gá, mi ò béèrè nǹkan kan. Àdúrà ni mo wá gbà."

"Òtútù ò mú yín ni?"

"Ó ń mú mi gan-an."

Ó wo àwọn ẹsẹ̀ tó tò sójú títì, ẹsẹ̀ àwọn arúgbó tí iṣan ti yọ lára wọn. Mo rò pé ó rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sínú rédíò rẹ̀, ó tún sọ ọ́. Ọkọ̀ náà fi ẹ̀yìn rìn, ó lọ. Ariwo tó sọ níbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ọ bí mo bá dùbúlẹ̀. Ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí bọ́ síkáàfù rẹ̀, ó fi wé ẹsẹ̀ mi.

Ṣé a borí? N kò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ yẹn, a borí. Lẹ́yìn tí a ti padà sílé ni Yánísì pè mí pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n to òkúta náà padà sí ojú rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Yánísì lọ wò ó, ó sì tún pè mí. Ó ní ó dára, ó ní ó dára gan-an, pé àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́, pé àwọn ọmọ ìlú ń dúró wò ó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ bóyá òkúta náà mọ òun mọ́. Ẹlòmíì á ní ariwo lásán la pa. Èmi gbà pé bí kì í bá ṣe ti ariwo àwọn ará ìlú láti ọdún dé ọdún, wọn ì bá máà dá ẹyọ òkúta kan padà. Ohun tó sọ nù ni ilẹ̀ tó wà láàárín òkúta kan sí èkejì, erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Ìyẹn ò ṣeé tò padà.

Nígbà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó bi mí léèrè lórí fóònù pé, "Ìlú tìrẹ ńkọ́? Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

Àlejò a máa lójú, kì í fi í ríran. Mo ti gbé ní ẹ̀bá ọ̀nà Àgbádárìgì títí irun mi fi funfun, mo mọ gbogbo ibùdókọ̀ títí dé Ìjanikin, mi ò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó da ọ̀dà sí ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Ọ̀jọ́, ní apá ibi tí omi wà, mo béèrè ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀. Wọ́n mú mi lọ bá ìyá kan tó jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Mà, mo wá béèrè ni. Níbo ni ọ̀nà àtijọ́ gbà? Níbo ni àwọn ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí láyé àwọn bàbá yín?"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ará òkè, láti ìgbà tí ẹ ti ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè."

Mo ní kó má bínú.

"N ò bínú. Mo mọ ojú ibẹ̀. Òkúta rẹ̀ ṣì wà nínú koríko, ibi tí ìyá mi ń gbé ẹrù kà. Àmọ́ gbogbo ẹni tó lè mú yín débẹ̀ ti kú tán. Ó ku èmi nìkan, ẹsẹ̀ mi ò sì gbé mi mọ́."

Mo ní, "Mà, agbẹ́rù ni mí. A óò gbé yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi há a. Ó ní kí n máa wo ẹ̀yìn ara mi. Òótọ́ ló sọ, ẹ̀yìn mi ò lè gbé e mọ́ ní èmi nìkan. Nítorí náà ni mo fi kọ gbogbo èyí. Mo nílò mẹ́rin nínú yín tí apá wọn le, àti àga kan tó ní ìgbọ́wọ́lé. Ẹ wá bá mi ní Sátidé yìí, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú ìyá náà. Ẹ má ṣe sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èémí tí ìyá náà fi bá mi sọ̀rọ̀ kò gùn.